Ọyẹ́ Dé, Ẹ Bo Ọkọ̀

Ọyẹ́ wọ Ẹlẹ́yẹlé lóru àná.
Ètè Múráínà ti là kó tó kí wa tán.
Ó ní, "Bí ètè ènìyàn bá ń là báyìí,
kí ni kí igi ó ṣe?"
Ìyá mi ò dá a lóhùn.
Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìsopọ̀ pákó,
bí ẹni ń wò ó bóyá ara ìkókó gbóná.

Omi ti fà sẹ́yìn.
Ibi tí àjẹ̀ kì í ti kanlẹ̀ lóṣù Ọ̀wàrà,
ewúrẹ́ ará Ìjòkódò ló ń jẹ̀ níbẹ̀.
Ojú oró tí wọ́n ní ó máa ń lékè,
ó ti gbẹ mọ́ ẹrẹ̀, ó ń dún lábẹ́ bàtà.

Àwa mẹ́rin la fà á gòkè:
èmi, Múráínà, àti ọmọ mẹkáníìkì méjì
tí wọ́n ń bèèrè iye tí a máa san
kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa dì mú.
A to ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún un,
ìtì ń tú omi, ọkọ̀ ń yọ̀,
ó ń lọ lórí ilẹ̀
bí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé odò ti tán.

Múráínà ní kí a da ojú rẹ̀ dé.
Ìyá mi ní rárá.
"Lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ọkọ mi, létí òkun,
ọkọ̀ tó bá dojú dé, ẹkún ni wọ́n fi í pàdé rẹ̀.
Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó kọjú sókè."

Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà lábẹ́ ìdí,
ògbólógbòó táyà kan lábẹ́ imú.
Mo gbá inú rẹ̀. Mo bá ìwọ̀ kan níbẹ̀, ìpẹ́ ẹja,
agolo mílíìkì tó fi ń gbọ́n omi,
bátìrì rédíò méjì tí oje ti ń jáde lára wọn.
Mi ò lè jù wọ́n nù. Mo kó wọn sápò.

Tapólì tuntun l'Ógùnpa,
owó rẹ̀ ju owó ẹja oṣù méjì lọ.
Ni ìyá mi bá wọlé,
ó gbé bánà ìsìnkú jáde ní kíká,
ó tẹ́ ẹ sórí koríko:
IKÚMÁPÀYÍ, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin.
Fìlà ẹ̀tù, ẹ̀rín tí kì í rín nílé,
àfi bí ayàwòrán bá ní, "Ó yá."

Ikú, má pa èyí.
Orúkọ náà bẹ̀bẹ̀ títí,
ikú gbọ́ ọ fún ọdún méjìdínláàádọ́rin,
etí rẹ̀ wá di.

"Ìyá, ojú bàbá lẹ fẹ́ẹ́ fi ṣe ìbòrí?"
"Ojú rẹ̀ á wà nínú," ló wí.
"Ẹ̀yìn funfun ni kí oòrùn máa jẹ.
Òun náà á lè rí ibi tó ń jò
kí òjò tó tún dé."

A bò ó, kó lè bọ̀.
Mo ta kókó okùn. Ìyá mi tú u,
ó tún un ta bí bàbá mi ṣe ń ta á,
kókó tí ọwọ́ òtútù lè tú ní fífà kan.
Ọmọ Kúdẹtì ni ìyá mi,
omi ò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rí,
kò wọ ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ kan.
Èmi ò mọ̀ pé ó ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀
ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, láti èbúté.

Lóru, atẹ́gùn láti ọ̀nà Àwọ̀tán
wọ abẹ́ ìbòrí.
Bánà wú, ó rọ̀, ó wú, ó rọ̀,
bí ẹni ń mí.
Mo jí. Ìyá mi ti wà lójú fèrèsé.
Ó ní, "Lọ fi òkúta kan kún un lápá imú.
Má gbé e lé e lójú o."